Àwọn Batwa: Onílé Tó Di Àlejò
Àwọn Batwa ti ń gbé inú igbó Bwindi ní Uganda kí àwọn àgbẹ̀ tó débẹ̀. Wọ́n ń dẹ ẹtu, wọ́n ń wa iṣu igbó, wọ́n sì ń fi èéfín lé oyin kí wọ́n tó kó afárá. Àgbẹ̀ ló ṣán igbó di oko, kì í ṣe àwọn. Síbẹ̀, ní 1991, nígbà tí ìjọba ya Bwindi sọ́tọ̀ nítorí ìnàkí, wọ́n lé wọn jáde. Àwọn tó dáko ni ìjọba kà sí onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ Batwa kò rí nǹkan gbà. Oko olóko ni wọ́n ń ro jẹun báyìí. Àwọn mìíràn ń jó fún àlejò tó wá wo ìnàkí, èyí ló dùn mí jù. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gbà pé wọn kò fún wọn ní owó gbà-má-bínú tó tọ́.