Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Àṣẹ Olùdarí àti Yíyàn Akópa nínú Eré Orí Tábìlì

Nínú eré ayò, òfin ti pààlà sí gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe. Ilé 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ 48 ni wọ́n ń tò sínú wọn. Ẹni tí ó bá ṣe ohun tí òfin kò dárúkọ, kò ta ayò mọ́. Eré kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn a jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan a sì fi ara rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn: jagunjagun, olè tàbí oṣó. Ẹnì kan láàárín wọn, ìyẹn olùdarí eré, a máa sọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́. Àwọn akópa yòókù a sì sọ ohun tí àwọn yóò ṣe. Bí ọ̀ràn bá ta kókó, wọn a da dáìsì. Dungeons & Dragons, tí ó jáde ní ọdún 1974, ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Àríyànjiyàn kan kò tíì tán nídìí eré yìí: bí agbára olùdarí bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó kù tí akópa lè yàn? Ìtàn bí agbára náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Àárín àwọn ológun ni irú olùdarí bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Prussia, tí ó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, ọ̀gá ológun kan tí ń jẹ́ Georg von Reisswitz tẹ ìlànà eré ogun jáde ní ọdún 1824, lẹ́yìn tí ó ti ṣe àtúnṣe sí eyí tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀. Orí máàpù ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn akópa a kọ àṣẹ wọn sínú ìwé fún adájọ́, adájọ́ a sì sọ ibi tí àṣẹ náà yọrí sí. Ohun tí ojú ọmọ ogun akópa kò bá tó, adájọ́ kò ní í fi hàn án. Adájọ́ yìí kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Òun ni ó jẹ́ kí akópa lè pa irú àṣẹ tí ọ̀gá ológun ń pa lójú ogun gidi, kí ó sì rí èrè tàbí ìyà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin eré náà pọ̀, ìṣirò rẹ̀ sì ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Ní ọdún 1876, Julius von Verdy du Vernois kọ ìwé kan láti dábàá pé kí wọ́n pa òfin jàn-ànràn jan-anran àti dáìsì tì, kí adájọ́ tí ó mọ ogun máa fi ìmọ̀ ara rẹ̀ dájọ́. Eré yá sí i, ewu sì wọlé: bí adájọ́ bá ṣègbè, kò sí òfin tí akópa lè tọ́ka sí.

Èrò náà kọjá òkun. Charles Totten, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tẹ ìwé Strategos jáde ní ọdún 1880. David Wesely ka ìwé yìí ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ó sì mú un lò nínú eré kan tí ó ṣètò ní ọdún 1969 nípa Braunstein, ìlú àfinúrò kan ní Jámánì nígbà ogun Napoleon. Yàtọ̀ sí àwọn olórí ogun, ó fi àwọn kan ṣe olórí ìlú, onílé ìfowópamọ́ àti ọ̀gá yunifásítì. Kò pẹ́ tí àwọn akópa fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìtẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn méjì tilẹ̀ ní àwọn fẹ́ wọ̀yá ìjà, bẹ́ẹ̀ Wesely kò ní òfin kankan fún un. Ojú ẹsẹ̀ ni ó ní láti dájọ́. Ó rò pé eré ti dàrú; ohun tí àwọn akópa ní kí ó tún ṣe fún àwọn nìyẹn.

Dave Arneson wà lára wọn. Ní ọdún 1971 ó dá Blackmoor sílẹ̀, eré ilé olódi àti ihò abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó fi han Gary Gygax ní Lake Geneva, ìpínlẹ̀ Wisconsin, àwọn méjèèjì ṣe Dungeons & Dragons; páálí 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Olùdarí ni ó ya máàpù ihò náà tí ó sì fi pamọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ akópa ni ilẹ̀kùn tí wọn yóò ṣí wà. Bí kò bá sí ohun pàtó lẹ́yìn ilẹ̀kùn méjèèjì, ẹni tí ó yan ọ̀kan kò yan nǹkan kan. Àṣẹ olùdarí ni ó fún yíyàn akópa ní ìtumọ̀.

Ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ TSR bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Dragonlance, ọ̀wọ́ eré tí ó tẹ̀ lé ìtàn gígùn kan ṣoṣo, tí ìwé ìtàn àròsọ sì bá a rìn. Wọ́n ti ṣe àwọn akọni sílẹ̀ fún akópa. Ìlànà rẹ̀ ní bí ẹni pàtàkì inú ìtàn bá kú, kí olùdarí gbìyànjú kí wọ́n má rí òkú rẹ̀, kí ó baà lè padà wá. Ọ̀pọ̀ fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun tí akópa fi dáìsì gbà lè di asán nítorí ojú ìwé tí ń bọ̀. Ojú irin ni àwọn akópa máa ń fi irú eré bẹ́ẹ̀ wé: èrò ọkọ̀ lè wo ìta láti ojú fèrèsé, kò lè yà.

Ní ọdún 2010, D. Vincent Baker tẹ Apocalypse World jáde. Nínú rẹ̀, olùdarí kì í da dáìsì. Wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí òfin, wọ́n sì kọ̀ fún un láti pinnu ibi tí ìtàn yóò já sí. Ohun tí Verdy fi sílẹ̀ fún ọgbọ́n inú adájọ́ di ohun àkọsílẹ̀. Àwọn mìíràn ṣì gbà pé ìmọ̀ adájọ́ ju òfin lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìhà méjèèjì sì ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n olùdarí tí ó ti mọ òpin kí akópa tó lanu kì í dájọ́ mọ́: àlọ́ ni ó ń pa, tí àwọn yòókù kàn ń dáhùn pé “Àlọ̀!” Àlọ́ dùn, ó sì ní àyè tirẹ̀, kì í ṣe òun ni àwọn tí wọ́n wà ní Braunstein ní kí Wesely tún ṣe fún àwọn.