Gbogbo Alángbá Ló Dakùn Délẹ̀

Ní sáà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í jẹun ní àkókò ìsinmi. Á kàn gbórí lé tábìlì. Ilé tí èrò pọ̀ sí ló ń gbé ní Agbowó, pẹ̀lú ìyá àgbà, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo bá sọ fún àwọn yòókù pé, "Ọ̀lẹ ló ń dà á láàmú. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe àìsàn tiwa. Òyìnbó tó ń dá gbé ló ń ṣe." N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà kí wọ́n tó bí mi.

Ní ọdún 1953, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde lórí ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Dókítà J. C. Carothers ló kọ ọ́, ẹni tó ti ṣe olórí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Mathari, ní ìlú Nairobi. Ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà. Kò dúró síbẹ̀. Ó ní ìdí rẹ̀ ni pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ara wa sí ẹni tí ojúṣe wà lọ́rùn rẹ̀. Ó tilẹ̀ fi wá wé òyìnbó tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí iwájú ọpọlọ rẹ̀. Ní ayé amúnisìn, ta ni yóò gbé ìjọba lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́?

Níbo ni àṣìṣe náà wà? Ẹni tó ń jà, tó ń da ìlú rú, ni wọ́n sábà máa ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tó jókòó sí yàrá tó ń sunkún kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó kà á. Ó dà bí ẹni tó dúró sí Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án, tó wá ní oníṣòwò ni gbogbo ará Ìbàdàn. Àṣìṣe kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti orí "ohun tí mo rí nìyí," ó fò sórí "irú ẹ̀dá tí wọ́n jẹ́ nìyí."

Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, kò gbà. Ní Aro, láti ọdún 1954, ó ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Nígbà tó yá, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé àyíká rẹ̀. Wọn kò dúró de aláìsàn nílé ìwòsàn. Wọ́n lọ bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ń gbé. Ìwé wọn jáde ní ọdún 1963. Wọ́n rí àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn láàárín àwa Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ẹlòmíràn lè wo abúlé Aro kó ní, "Yorùbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nìkan wà." Ọ̀rọ̀ ìyìn ni, àmọ́ pańpẹ́ kan náà ni. Òun gan-an ló mú mi. Mo rí ilé tó kún, mo sì parí èrò sí i pé ọ̀rẹ́ mi kò lè dá nìkan wà níbẹ̀.

N kò sọ pé ká má ṣe ìwádìí mọ́. Ìwádìí ni Lámbò náà fi dáhùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká béèrè àwọn tí wọ́n kà àti àwọn tí wọn kò kà, ká tó sọ irú ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni jẹ́.

Mo padà lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì bi í pé, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?" Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ lọ bá olùkọ́ wa. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run, àfi tí a bá béèrè.