Bí Ìpè fún Ìdáwó Ṣe Ń Yí Padà Láàárín Àwa Ọmọ Yorùbá Ìdálẹ̀

Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní ìdálẹ̀, ìbáà ṣe ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kumasi tàbí ní Abidjan, tí kì í dá owó. Owó ìsìnkú wà níbẹ̀, owó ìkọ́mọjáde wà níbẹ̀, owó ẹni tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ ìdàgbàsókè ilé náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin akápò wa lè jẹ́rìí sí i pé owó náà kò wọlé mọ́ bí ó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé àwọn ọmọ òde òní ti di ahun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá tọ ìtàn ìdáwó wa lẹ́sẹ̀, a ó rí i pé láti ìran dé ìran ni ohun tí ẹni tó ń dáwó fẹ́ rí ti ń yí padà. Ẹgbẹ́ tó bá yí ọ̀nà ìpè rẹ̀ padà pẹ̀lú rẹ̀ ni àpò rẹ̀ kì í gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èsúsú. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921: iye kan náà ni olúkúlùkù ń dá ní àkókò kan náà lábẹ́ olórí kan, wọn a sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, tó fi jẹ́ pé susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní. Nínú èsúsú, kò sí ẹni tí ń béèrè ìròyìn owó, nítorí ojú gbogbo ènìyàn ni a ti ń kà á. Ẹni tó dá owó ní àárọ̀ rí ẹni tó gbé e lọ ní ọ̀sán.

Ìrìn-àjò ló da èyí rú. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin láti Èkó ti dé Ìbàdàn; ní 1912 ó ti ń ná Kánò. Ó kó àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ reluwé àti àwọn oníṣòwò wa lọ sí Òkè Ọya, ọ̀pọ̀ wọn sì tẹ̀dó sí Sabon Gari. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ẹjìgbò gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn lọ sí Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn ará Ẹjìgbò mìíràn sì dé Ivory Coast. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ń ta aṣọ láwìn káàkiri, wọ́n ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi san owó wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní òṣómàáló. (Ẹni tó mọ bí a ti ń lóṣòó ti onígbèsè, ẹ má rò pé kò lè lóṣòó ti akápò!)

Ẹni tó wà ní Kánò kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n ń fi owó rẹ̀ ṣe nílé. Kí ni wọ́n wá fi pè é tó fi dáhùn? Ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, Offa Descendants Union sì dá Offa Grammar School sílẹ̀ ní 1943. Ilé ẹ̀kọ́ girama ṣọ̀wọ́n nígbà náà, nítorí náà ìpè yìí kò nílò àlàyé gígùn: ọmọ rẹ kò ní í fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kàwé. Bí ẹni tó dáwó bá wálé ọdún, yóò fi ọwọ́ kan ògiri náà. Ògiri ni rìsíìtì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Gánà dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọjọ́ 14. Àwọn ènìyàn wa tó ti ń ṣòwò ní Tamale àti Kumasi láti ọdún gbọọrọ fi ilé, ìsọ̀ àti owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wọ inú ìdáwó wa tí kò tíì jáde: bí ìlú bá yí padà mọ́ wa lọ́wọ́, kí ni ẹgbẹ́ yóò ṣe fún èmi gan-an? Ilé ẹ̀kọ́ tó wà nílé kò lè dáhùn rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, náírà rọ́pò pọ́n-ùn, owó epo pọ̀, ìjọba sì gba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ti ń fi ilé ẹ̀kọ́ pe ènìyàn kò rí i fi pè mọ́, orúkọ ni wọ́n wá ń fi pè. Sáà tí gbogbo wa mọ̀ sí launching nìyẹn: alága ọjọ́, olùfilọ́lẹ̀ àgbà, onílù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń kéde iye tí lágbájá dá. N kò ní í bú launching, ó kọ́ ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ìlú. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa ní àṣà burúkú pẹ̀lú. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré kọ́ láti jókòó sílé nítorí ìtìjú, ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ sì kọ́ láti ṣèlérí láìsan. Kò sí akápò tí kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó tí a kéde àti owó tó dé báǹkì. Nígbà tí ètò SAP bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ náírà sílẹ̀ ní 1986, àwọn olówó ọjọ́ náà kò lówó tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àwọn tí ìtìjú ti lé sílé kò sì padà wá. Ní January 1994 owó sẹ́fà náà já sí ìdajì sí owó Faransé, ẹni tó ń ta ọjà òkè òkun ní Abidjan mọ bó ṣe dùn ún tó.

Fóònù alágbèéká tàn ká Nàìjíríà láti 2001, nígbà tó sì di 2009 a ti lè fi fóònù san owó ní Gánà. Ọmọ wa tí a bí sí Kumasi tó ń sọ Twi, tàbí èyí tí a bí sí Abidjan tí Faransé yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, rí àwòrán ọmọ kan tó nílò iṣẹ́ abẹ lórí fóònù rẹ̀. Ó rí orúkọ ilé ìwòsàn, ó rí iye tí wọ́n bèèrè, ó rí iye tó kù. Ó fi ìwọ̀nba tó ní ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n fi hàn án pé ọmọ náà ti dìde. Ọmọ wa yìí kan náà ni àwa fi lẹ́tà pè pé kí ó tètè san owó ọdún, pé ìtanràn wà fún ẹni tó bá pẹ́. Kò sí ibi tí a ti sọ ohun tí owó ti èṣí ṣe. Ta wá ni ahun níbẹ̀?

Lóòótọ́, àwọn oníjìbìtì ń fi àwòrán irọ́ gba owó lórí fóònù lójoojúmọ́. Èyí gan-an ni ẹgbẹ́ fi sàn jù wọ́n lọ: a mọ ara wa, a mọ ilé ara wa. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń polówó ẹ̀kọ gbígbóná gbọ́dọ̀ ṣí igbá kí a rí ooru. Kí a dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó àti iye tó máa ná wa. Kí a gba owó kékeré láìkéde orúkọ ẹnikẹ́ni. Kí a jíhìn owó tí a ti ná kí a tó bèèrè òmíràn, ní èdè tí àwọn ọmọ gbọ́, ìbáà jẹ́ Faransé. Ohun kan wà tí n kò ní í fara mọ́, ìyẹn ni kí a máa gbé ojú aláìsàn káàkiri láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí a ràn lọ́wọ́ ṣì ní láti jókòó láàárín wa ní ìpàdé.

Ní Nàìjíríà, òfin CAMA ti 2020 ti sọ ìjíhìn di dandan fún ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ sì lè dá àwọn alábòójútó tó bá hùwà jìbìtì dúró. Inú ọ̀pọ̀ ìjọ àti ẹgbẹ́ kò dùn sí i nígbà tó jáde. Fún tiwa, ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ ń bèèrè ju ti òfin lọ, ó sì tètè ń bèèrè rẹ̀.

Àpò ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń dáhùn ìbéèrè 1969. Ní September 2002 ogun pín Ivory Coast sí méjì, àwọn ará wa sì wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ nílò lírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, launching kò sì ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ 14. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa fi iye tó wà nínú àpò yìí ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìparí oṣù, kódà bí kò bá ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ.