Egungun Kókósẹ̀ Tó Tú Àṣírí Àbùùbùtán

Ẹni tó bá rí àbùùbùtán lójú òkun, ẹja ni yóò pè é. Bẹ́ẹ̀ ẹja kọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ló fi ń mí, ọmọ ló ń bí, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ta wá ni baba ńlá rẹ̀ lórí ilẹ̀?

Àṣìṣe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Ní ọdún 1834, Richard Harlan ará Amẹ́ríkà yẹ egungun ràbàtà kan tó ti di òkúta wò, ó ní ti ẹranko afàyàfà ni, ó sì sọ ọ́ ní Basilosaurus, ìyẹn ọba aláǹgbá. Ní 1839, Richard Owen wo eyín rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó rí i pé gbòǹgbò méjì-méjì ni eyín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní, bíi ti ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú. Àbùùbùtán àtijọ́ ni! Ṣùgbọ́n orúkọ àkọ́kọ́ ti mọ́ ọn lára. Ọba aláǹgbá ló ń jẹ́ títí dòní.

Ilẹ̀ Pakistan ni ọ̀rọ̀ náà ti wá lójú. Ní 1981, Philip Gingerich àti Donald Russell kọ̀wé nípa Pakicetus, ẹranko tó ti gbé ayé ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Egungun etí rẹ̀ tó nípọn ló tú u fó pé ìdílé àbùùbùtán ló ti wá. Ní 1994, Ambulocetus tẹ̀ lé e, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó lè rìn, tó sì lè wẹ̀.

Síbẹ̀ àríyànjiyàn kò tán. Àwọn tí ń wa egungun, Gingerich pẹ̀lú wọn, ní ẹranko ajẹran kan tó jọ ìkookò, tó ti run pátápátá, ni orírun rẹ̀. Àwọn tí ń yẹ DNA wò ní rárá, erinmi tí ń gbé inú odò ni ìbátan rẹ̀. Ní 2001 ni Gingerich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé egungun kókósẹ̀ jáde láti Balochistan, tó ti tó 47 mílíọ̀nù ọdún. Ẹni tó bá ti jẹ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ rí mọ egungun yìí: orí àti ìdí rẹ̀ rí rìbìtì, wọ́n sì jìn díẹ̀ láàárín bíi kẹ̀kẹ́ òwú. Àwọn ẹran tó la pátákò ẹsẹ̀ nìkan ló ní irú rẹ̀, àwọn bí ewúrẹ́, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti erinmi. Gingerich gbà pé èrò òun àtijọ́ kò tọ̀nà. Èyí wú mi lórí ju egungun náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀mọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé tó kọ́. Ó sì pa mí lẹ́rìn-ín pé àwọn àgbà wa kan ti ń pe àbùùbùtán náà ní erinmi tipẹ́.

Etí òkun wa náà ní ìpín tirẹ̀. Gingerich yìí kan náà àti Henri Cappetta ló kọ̀wé ní 2014 nípa Togocetus, tí egungun rẹ̀ jáde láti ibi tí wọ́n ti ń wa fọ́síféètì ní Kpogamé, ní Tógò. Ti Nàìjíríà ti ṣáájú rẹ̀ jìnnà. Ní 1920, C. W. Andrews kọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù nípa egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan láti inú àpáta Ameki, ní gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Pappocetus lugardi ló sọ ọ́. Ìdajì àkọ́kọ́ túmọ̀ sí àbùùbùtán baba àgbà. Ìdajì kejì ń yẹ́ Lugard sí, gómìnà òyìnbó.