Aṣọ Tí Ẹ̀fọn Ò Lè Gún: Ta Ni Wọ́n Rán An Fún?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà a máa pààrọ̀ bàtà. Wọ́n á bọ́ tọ̀sán sílẹ̀, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà awọ rírọ̀ kan tó gùn dé abẹ́ orúnkún, wọ́n á wá fi ṣòkòtò bò ó. Mosquito boots ni wọ́n ń pè é. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Ẹ̀fọn fẹ́ràn ọrùn ẹsẹ̀, pàápàá lábẹ́ tábìlì níbi tí òkùnkùn wà, ìbọ̀sẹ̀ lásán ò sì lè dá a dúró.

Ẹni tó ń gbé oúnjẹ alẹ́ wá sórí tábìlì yẹn ńkọ́? Ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ ẹ́, àmọ́ bàtà yẹn kì í ṣe tiẹ̀.

Ìbéèrè yìí la fẹ́ tẹ̀ lé. Ọgbọ́n aṣọ tó ń lé ẹ̀fọn ti wà tipẹ́, ìtàn rẹ̀ sì dùn ún kà, àmọ́ ibi yòówù ká ṣí i sí, ọ̀rọ̀ kan ló ń yọjú: ta ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é? Àwa tí à ń kọ áàpù jẹun mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí a rò nígbà tí à ń kọ ọ́ ló máa ń bá lára mu. Ẹni tí a ò rò, á máa bá a wọ̀yá ìjà ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn dáadáa. Ó ti lé ní ọdún 2,400 tí Herodotus, òpìtàn ọmọ Gíríìsì, ti kọ̀wé nípa Íjíbítì. Ó ní àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ àbàtà ibẹ̀ ní àwọ̀n tí wọ́n fi ń pẹja lọ́sàn-án. Tó bá di alẹ́, àwọ̀n yẹn náà ni wọ́n ń ta yí ibùsùn wọn ká. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ẹni tó bá fi aṣọ bora sùn, ẹ̀fọn á gún un látorí aṣọ náà. Ẹni tó bá ti sùn pẹ̀lú aṣọ ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rí mọ̀ pé baba yẹn ò purọ́.

Báwo ni ẹ̀fọn ṣe ń rí i ṣe? Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin tó fẹ́ yé. Ohun tó yọ ṣóńṣó lẹ́nu rẹ̀, tí a rò pé abẹ́rẹ́ kan ni, àkọ̀ ni. Abẹ́rẹ́ mẹ́fà ló wà nínú àkọ̀ náà. Tó bá fẹ́ jẹ wá, àkọ̀ á ká sẹ́yìn, á dúró sóde, abẹ́rẹ́ nìkan ló ń wọlé. Wọ́n sì tín-ín-rín débi pé àlàfo tó wà láàárín òwú kan àti òwú kejì nínú ọ̀pọ̀ aṣọ wa dà bí ẹnu ọ̀nà gbàgede lójú wọn.

Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta péré ni aṣọ lásán fi lè gbà wá. Kí wọ́n hun ún mọ́ra débi pé abẹ́rẹ́ ò ní ráyè kọjá. Tàbí kó nípọn débi pé abẹ́rẹ́ á tán kó tó kan ara. Tàbí kó fẹ̀, kó má lẹ̀ mọ́ ara. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa àtijọ́ ń hun nípọn dáadáa. Agbádá àti bùbá fẹ̀. A ò sọ pé torí ẹ̀fọn ni wọ́n ṣe dá wọn o. À ń sọ pé ẹni tó wọ̀ wọ́n jókòó síta lálẹ́ sàn ju ẹni tó wọ ṣòkòtò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ itan lọ.

Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wàhálà jíjẹ àti ariwo nìkan ni wọ́n ka ẹ̀fọn sí. Wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú àbàtà ló ń fa ibà. Ohun tí orúkọ malaria túmọ̀ sí lédè Ítálì gan-an nìyẹn. Oṣù kẹjọ ọdún 1897 ni Ronald Ross, dókítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní Secunderabad. Lọ́dún 1900, Luigi Sambon àti George Low lọ gbé nínú ahéré kan nítòsí Ostia ní Ítálì, níbi tí ibà ti ń pa èèyàn. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé àti ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọn ò lo kúnínì rárá. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á ti wọlé. Ibà ò ṣe wọ́n. Ọ̀rọ̀ wá yé gbogbo ayé: ohun tó bá lè dá ẹ̀fọn dúró lè dá ikú dúró.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè wa ti gbóná sí i. Ní Freetown, ní 1904, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ Hill Station sórí òkè kí àwọn òyìnbó lè máa sùn jìnnà sí ẹ̀fọn àti sí àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní Èkó, William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà láti 1899 sí 1904, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ dókítà, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí wọ́n fa omi àbàtà, ó ń pín kúnínì, kò sì fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ya òyìnbó sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ Èkó. Imọ̀ kan náà ni Freetown àti Èkó ní lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n rò mọ́ ọn ló yàtọ̀.

Láàárín àkókò yẹn náà ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi aṣọ léèrè ọ̀rọ̀ àwọ̀. George Nuttall àti Arthur Shipley ní Cambridge kó aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú àpótí, wọ́n sì ń ka iye ẹ̀fọn Anopheles tó bà sínú ìkọ̀ọ̀kan. Búlúù tó dúdú kirikiri ló kó wọn jọ jù. Yẹ́lò ni wọn ò yà sí. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní University of Washington fi Aedes aegypti, ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dengue kiri, ṣe tiwọn. Wọ́n rí i pé tó bá ti gbóòórùn èémí èèyàn, pupa, ọsàn àti dúdú ló ń sáré lọ bá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wo funfun àti àwọ̀ ewé. Ẹ̀yin olólùfẹ́ àdìrẹ aláró tó dúdú, ẹ fara balẹ̀, a ò ní kẹ́ ẹ jó o. Àwọ̀ kì í ṣe apata. Ó kàn lè mú kí ẹ̀fọn tètè rí wa tàbí kó pẹ́ díẹ̀ ni.

Ohun tó yí ìtàn padà ni oògùn inú aṣọ. Òdòdó funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní pyrethrum. Etíkun Dalmatia, ní Croatia òde òní, ni ilé rẹ̀, kí Kẹ́ńyà tó wá di ìlú mọ̀ọ́ká níbi gbígbìn rẹ̀. Tí wọ́n bá sá a gbẹ tí wọ́n lọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń pa kòkòrò. Àléébù rẹ̀ ni pé oòrùn tètè ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ní 1973, Michael Elliott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rothamsted, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde permethrin. Wọ́n ṣe é ní àfijọ oògùn inú òdòdó yẹn, àmọ́ oòrùn ò tètè ràn án. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ òwú aṣọ. Ẹ̀fọn tó bá bà lé e, iṣan ara rẹ̀ á dàrú. Á sá tàbí kó kú. Ara èèyàn máa ń tètè fọ́ ìwọ̀n kékeré rẹ̀ túútúú. Ológbò ni ò rí i ṣe, ó lè pa á.

Ta ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ káàkiri? Sójà ni. Láti àwọn ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń fi permethrin sí yunifọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, fún àwọn tó ń rìnrìn àjò afẹ́ lọ sínú igbó. Àwa tí à ń gbé pẹ̀lú ẹ̀fọn lójoojúmọ́, nẹ́ẹ̀tì ló kàn wá. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti dán nẹ́ẹ̀tì olóògùn wò ní Burkina Faso àti Gambia, ó sì ti gba ẹ̀mí tí kò lóǹkà là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn ni nẹ́ẹ̀tì ń ṣọ́. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú títí dìgbà tí a óò sùn, tí iná ò sí, tí gbogbo ilé wà ní ìta, kò sí nẹ́ẹ̀tì níbẹ̀.

Àwọn kan ronú kan àlàfo yìí. Ní àwọn ọdún 1990, ní àgọ́ àwọn ará Afganísítánì tó sá wá sí Pakísítánì, wọ́n fi permethrin sí ìbòrí àwọn obìnrin àti aṣọ ìbora wọn. Ibà dín kù, pàápàá lára àwọn ọmọdé. Kò sẹ́ni tó ra aṣọ tuntun. Èyí tí wọ́n ti ń wọ̀ náà ni.

Ní 2025 ni èsì tó gún wa lọ́kàn jù jáde, láti Kasese ní ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà. Ìyá 400 àti ọmọ wọn ni wọ́n lò. Gbogbo wọn gba nẹ́ẹ̀tì olóògùn. Ìdajì gba aṣọ ìpọnmọ tí wọ́n rẹ sínú permethrin, tí wọ́n sì ń tún un rẹ lóṣooṣù. Ìdajì gba èyí tí wọ́n rẹ sínú omi lásán. Fún oṣù mẹ́fà, ibà tó mú àwọn ọmọ inú aṣọ olóògùn fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dín sí tàwọn yòókù. Ara yíyún díẹ̀ ló jẹ yọ lára àwọn kan, kò sì le. Ọ̀já ni o! Ọ̀já tí gbogbo ìyá ní.

Ẹ wá fi ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2023 sí i: ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà ayé tó jẹ́ ti Nàìjíríà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù lára àwọn tí ibà ń pa ní Áfíríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tí sójà ti ń wọ aṣọ olóògùn kí ìwádìí tó kan ọmọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

A ò ní tan yín pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ̀fọn náà ń ṣe update tiẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi, títí kan Nàìjíríà, permethrin ò tètè pa á mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi padà sídìí ìhunṣọ. Ní 2021, North Carolina State University ṣírò bí àlàfo òwú àti ìnípọn aṣọ ṣe gbọ́dọ̀ rí, wọ́n sì ṣe aṣọ tí ẹ̀fọn ò lè gún láìsí oògùn kankan. Ní 2023, àwọn ará Auburn University lo ẹ̀rọ ìhunṣọ tí kọ̀ǹpútà ń darí, wọ́n sì rí ọ̀nà ìhun kan tó ń dí abẹ́rẹ́ ẹ̀fọn, tó sì rọ̀ lára. Kóòdù àti òwú, ẹ ò rí i pé iṣẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn ẹ̀fọn ọjà rẹ aṣọ ọmọ. Ìwọ̀n oògùn Ùgáńdà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló wọ̀n ọ́n. Nẹ́ẹ̀tì ṣì ni ààbò alẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá tún kó owó jọ fún ètò ibà nílùú wa, ó tọ́ ká béèrè ohun tí wọ́n ní fún ìrọ̀lẹ́, fún ẹni tó ṣì wà níta. Ìyá ò ní láti kọ́ ohun tuntun kankan. Ọ̀já ti wà lẹ́yìn ọmọ tipẹ́tipẹ́.