Kòkòrò eyín

Orúkọ tí Yorùbá ń pe àrùn tó ń gbẹ́ ihò sínú eyín nìyí. Bí ọ̀dọ́ kan ní Èrúwà bá di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, kòkòrò ni wọ́n máa ní ó ń jẹ ẹ́ léyín. Àwọn òyìnbó náà gbà bẹ́ẹ̀ rí, kí Pierre Fauchard, oníṣègùn eyín ará Faransé, tó takò ó nínú ìwé rẹ̀ ní 1728. Kòkòrò wà lóòótọ́, àmọ́ àìfojúrí ni: ó ń sọ ṣúgà di ásíìdì tó ń yọ́ eyín.

Ohun tí orúkọ yìí fi pamọ́ ló ń dùn mí. Eyín míì ti lábùkù kó tó yọ. Inú àgbọ̀n ni èèpo líle tó bo eyín ti ń dì, láti ìgbà ìbí lọ fún àwọn eyín kan tí a ó fi dàgbà. Àìsàn líle, àìjẹunrekánú tàbí bíbí ọmọ láìpé oṣù lè da iṣẹ́ náà rú. Èèpo á fẹ́lẹ́, á lábàwọ́n tàbí kòtò, kò sì ní tún ara rẹ̀ mọ láé. Ibẹ̀ ni ásíìdì ń gbà wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kan Igbó-Ọrà gbọ̀ngbọ̀n, ìlú ìbejì, torí a sábà máa ń bí ìbejì ṣáájú oṣù wọn.

Ẹ má pe ọ̀dọ́ tí eyín rẹ̀ lábàwọ́n ní ọ̀bùn. Ẹ fún un ní ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ẹ dín ohun dídùn rẹ̀ kù, kí ẹ sì tètè mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín.