Pápá Tí Bàbá Fi Ọwọ́ Gbìn: Ìtàn Renee Powell, Obìnrin Agbá-gọ́ọ̀fù

  

Wọ́n ní kí n kọ ìtàn eré ìdárayá fún ìwé ìròyìn wa, mo sì mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Rárá o, gọ́ọ̀fù ni. Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ: "Gọ́ọ̀fù kẹ̀? Ṣé kì í ṣe eré àwọn ọ̀gá ńlá nìyẹn ni?" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìtàn yìí dá lé lórí: ta ló ni pápá, ta sì ni wọ́n ń gbà láyè láti wọ̀ ọ́?

Renee Powell ni orúkọ obìnrin náà. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ ìtàn ọmọ yìí láìkọ́kọ́ sọ ti bàbá tó bí i.

William Powell ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń bá àwọn olówó ru àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ eré náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun. Lọ́hùn-ún, wọ́n jẹ́ kó gbá gọ́ọ̀fù lórí pápá wọn bí ẹni gbogbo. Ogun parí, ó padà sílé lọ́dún 1946, ni wọ́n bá ní kò lè wọ pápá ní ìlú tirẹ̀, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o: ẹni tó lọ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ta!

Bàbá yìí kò jókòó sunkún. Ó ní bí wọn kò bá jẹ́ kí òun wọ tiwọn, òun yóò ṣe tòun. Ó wá owó lọ sí báńkì, wọn kò yá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti ṣèlérí ìrànwọ́ fún àwọn tó bọ̀ láti ojú ogun. Dókítà méjì tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá a dá sí i. Wọ́n ra ilẹ̀ éékà 78 ní East Canton, níbi tí wọ́n ti ń sin màlúù tẹ́lẹ̀. Lálẹ́, bàbá ń ṣe mégàádì ní ilé-iṣẹ́ Timken. Lójú mọmọ, òun àti ìyàwó rẹ̀, Marcella, ń ṣa òkúta, wọ́n ń hú kùkùté, wọ́n sì ń fi ọwọ́ fọ́n irúgbìn koríko. Lọ́dún 1948, wọ́n ṣí ihò 9 àkọ́kọ́. Clearview ni wọ́n pè é. Ọdún 1978 ló tó pé ihò 18. Ẹ ka ọdún yẹn dáadáa: ọgbọ̀n ọdún gbáko! Dúdú o, funfun o, ẹni tó bá ti wá ló lè gbá a níbẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń bá jà: láti 1934 títí di 1961, ẹgbẹ́ àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, ìyẹn PGA, kọ ọ́ sínú òfin wọn pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Orí pápá bàbá yìí ni Renee ti di ọ̀pá mú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 3. Ó dàgbà, ó lọ sí yunifásítì, ó ṣe kápútẹ̀nì ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbá-gọ́ọ̀fù. Lọ́dún 1967 ló wọ LPGA, ẹgbẹ́ tí obìnrin 13 dá sílẹ̀ lọ́dún 1950. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ló ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ìyẹn Althea Gibson, tó gba ife ẹ̀yẹ tẹníìsì ní Wimbledon lọ́dún 1957 àti 1958, kó tó yà sí gọ́ọ̀fù.

Nǹkan ò rọrùn o. Òtẹ́ẹ̀lì á ní kò sí yàrá. Ilé oúnjẹ á ní àwọn kò tà fún un. Àwọn kan tilẹ̀ kọ lẹ́tà pé àwọn á pa á. Ẹ sì rò ó wò: ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ẹni mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ariwo sì ń bẹ. Nínú gọ́ọ̀fù, gbogbo ènìyàn á dákẹ́ lọ lọ lọ, ìwọ nìkan á dúró sójú kan, wọ́n á máa wò ọ́. Ẹni tí wọ́n ti fi ikú halẹ̀ mọ́ ní láti dúró bẹ́ẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì gbọ̀n.

Ọdún 13 ló fi ṣe é, ó sì kópa nínú ìdíje tó lé ní 250. Mi ò ní purọ́ fún yín: kò gba ife LPGA kankan. Ọsirélíà ló ti borí nínú ìdíje kan lọ́dún 1973. Kí ló wá dé tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu pẹ̀lú ìtàn rẹ̀?

Ìdí rẹ̀ nìyí. Renee fi ìdíje sílẹ̀ lọ́dún 1980. Ọdún 1995 ni aláwọ̀ dúdú míì, LaRee Sugg, tó wọ LPGA. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Lójú tèmi, kì í ṣe pé kò sí ọmọ tó lẹ́bùn. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ lè gbá a ní ojú títì, kí ẹ fi òkúta méjì ṣe ojú ilé. Gọ́ọ̀fù fẹ́ ilẹ̀ gbalasa. Bí àwọn onílẹ̀ bá ti lẹ̀kùn, ẹ̀bùn ọmọ á kú sí i lọ́wọ́. Ohun tí Renee ní tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ dúdú bíi tirẹ̀ kò ní ni pápá tí ẹnikẹ́ni kò lè lé e kúrò lórí rẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti di olórí akọ́ni ní pápá Silvermere nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1979, ó sì lè jókòó sókè òkun. Ṣùgbọ́n ilé ló padà sí. Lọ́dún 1995 ló di olórí akọ́ni ní Clearview, níbi tó ti ń kọ́ ọmọdé àti àgbà, tó fi mọ́ àwọn obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ológun. Ọdún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ Clearview mọ́ àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè wọn. Bàbá fojú rí i kó tó kú ní òpin ọdún 2009.

Ìyì ọmọ wá kàn án. Yunifásítì St Andrews ní Scotland ti fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ọlọ́lá lọ́dún 2008. Ẹgbẹ́ Royal and Ancient tó wà nílùú yẹn, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1754, kò gba obìnrin rárá títí di 2014. Nígbà tí wọ́n yan obìnrin 7 àkọ́kọ́ ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́lá lọ́dún 2015, Renee wà nínú wọn. Lọ́dún 2018, yunifásítì náà sọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Powell Hall. Ẹ ò rí nǹkan: ọmọ mégàádì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ní ìlú tí wọ́n ń pè ní ilé gọ́ọ̀fù!

Kí n tó fi gègé sílẹ̀, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ rántí àdá? Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń gé koríko pápá ilé-ìwé wa, tí a ń kùn, tí ọwọ́ wa ń lé ròrò? Ó wu àwa nígbà náà ká sá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ro pápá kò mọ ọmọ ta ni yóò sáré lórí rẹ̀ lọ́la. Pápá tí wọ́n bá pa tì, igbó ni. Igbó tó bá sì pẹ́ nílẹ̀, onílé ló ń dà. Bí a bá ti jẹ, tí a ti mu tán níbi àpéjọ yìí, ẹ jẹ́ ká rìn dé ẹ̀yìn kíláàsì, ká lọ wo pápá yẹn.